Ibo La Ó Ti Fa Ohùn? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Ń Gbà So Ámpílífáyà Mọ́ Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Wá

Rédíò tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà ní ẹnu tí ámpílífáyà lè ti gba ohùn. Ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ṣẹ̀. Rédíò tí a ń tà lọ́tọ̀ lọ́jà máa ń ní ihò RCA lẹ́yìn, níbi tí ohùn ti ń jáde ní fóòtì 2, 4 tàbí 5 kó tó di pé ohunkóhun fún un lágbára. Ti ilé-iṣẹ́ kò ní ju wáyà sípíkà tó gba inú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ sí àwọn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wúfà nínú búùtù Corolla tàbí Camry tòkúnbọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ibo la ó ti fa ohùn?

Ọ̀nà márùn-ún ló wà nílẹ̀ báyìí. Àwọn ríwáyà tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ló pé, wọn á sì máa pe tàwọn yòókù ní iṣẹ́ àṣebàjẹ́. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ ìjà náà ń wáyé nítorí pé ọkọ̀ tí kálukú wọn ti tú wò kò rí bákan náà. Ohun tí rédíò ti ṣe sí orin kó tó dé orí wáyà ló ń sọ ọ̀nà tó yẹ, ohun náà sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rédíò fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà lórí wáyà sípíkà

Fóòtì 12 ni bátìrì ọkọ̀ ń fúnni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator á gbé e dé nǹkan bí 14.4. Ó kéré fún orin. Kí wọ́n lè rí púpọ̀ fà yọ nínú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe rédíò máa ń ti sípíkà láti ìhà méjèèjì: bí ìhà kan bá ń tì, èkejì á máa fà. Ìdí nìyí tí wáyà méjèèjì tó wọ sípíkà fi ní iná lára. Bí rédíò bá wà ní títàn tí orin kò sì sí, fóòtì 6 tàbí 7 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ìdajì ti bátìrì; nítorí pé wọ́n dọ́gba, sípíkà kò mọ̀ ọ́n lára. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì nínú wọn. Ẹni tó bá so ọ̀kan mọ́ irin ara ọkọ̀ lè jó rédíò náà lójú ẹsẹ̀.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, fóòtì 14.4 kò lè fún sípíkà óòmù 4 ní ju wáàtì 26 lọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Lẹ́yìn èyí tí ẹ̀rọ náà jẹ mọ́ra, nǹkan bí 15 sí 20 ló ń dé sípíkà. Wáàtì 50 lọ́nà mẹ́rin tí a ń rí kà lójú rédíò jẹ́ iye tó máa jáde nígbà tí a bá ti ohùn títí tí orí rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kì í ṣe orin mọ́. Kò sí bí irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbé wúfà ńlá.

Mítà ló ń yanjú ọ̀pọ̀ iyàn níbí. Yí i sí DC, fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan irin ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà, fi ẹnu pupa kan wáyà sípíkà kan, kí rédíò wà ní títàn, kí fọ́lúùmù sì wà nílẹ̀. Bó bá ka 6 tàbí 7, ohùn tó ti lágbára ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá ka òdo tàbí iye kékeré, ó ṣeé ṣe kí ámpílífáyà ilé-iṣẹ́ fara pamọ́ síbì kan nínú ọkọ̀, bíi ti Camry tí wọ́n kọ JBL sí lára, kó jẹ́ pé ohùn tí kò tíì lágbára ló ń lọ bá a.

Àwọ̀ wáyà kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, pupa àti funfun ló ń lọ sí sípíkà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, dúdú àti yẹ́lò ń lọ sí ẹ̀yìn lósì, dúdú yẹn gan-an ló sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Ẹni tó ti mọ dúdú sí nẹ́gẹ́tíìfù á gbé e sódì. Sípíkà òsì á máa fà nígbà tí tọ̀tún ń tì, béèsì á sì dàwátì láìsí ohun tó bàjẹ́. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó láti tú àṣírí rẹ̀. Yọ wáyà náà kúrò lára rédíò, fi bátìrì fóòtì 1.5 kàn án fìrí, kí o sì wo awọ sípíkà. Bó bá yọ síta, wáyà tó kan orí bátìrì ni pọ́sítíìfù.

Àwọn tó ní kí a yọ ọ́ kúrò

Ìdáhùn tó ti pẹ́ jù nìyí: yọ rédíò ilé-iṣẹ́, fi ti ọjà rọ́pò rẹ̀, kí o fa RCA láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé búùtù. Wáyà búlúù onílà funfun tó máa ń wà lẹ́yìn irú rédíò bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tan ámpílífáyà, òun náà ni yóò sì máa pa á. Kò sí pé à ń méfò ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe sí orin, torí nǹkan ilé-iṣẹ́ ti kúrò lọ́nà. Ìwọ̀n rẹ̀ kò nira: ojú rédíò fẹ̀ tó mìlímítà 180, ó ga tó 50, ti ìlọ́po méjì sì ga tó 100. Ti Toyota fẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ rédíò ọjà nínú rẹ̀.

Fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, mi ò tíì rí ìdáhùn tó ju èyí lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí a lè lò ó fún ń dín kù. Nínú ọkọ̀ òde òní, ojú kan náà tó ń ṣe rédíò ló ń fi kámẹ́rà ẹ̀yìn hàn, òun ló ń darí ẹ́ẹ̀sì, inú rẹ̀ ni a ti ń yí ètò ọkọ̀ padà. Yọ ọ́, o ti yọ gbogbo wọn. Àwọn rédíò Android olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà wa náà ní àbùkù tiwọn: ihò RCA wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó ń gba ibẹ̀ jáde kì í sábà tó èyí tí wọ́n kọ sára páálí.

Àwọn tó ń fa wáyà sípíkà tààrà

Ọ̀pọ̀ ámpílífáyà tuntun ní ẹnu méjì: ọ̀kan fún RCA, èkejì fún wáyà sípíkà. Àwọn tó gba ọ̀nà yìí gbọ́ ní kí a má wulẹ̀ fi ohunkóhun sáàárín. Fóòtì 6 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wúlò fún wọn lọ́nà mìíràn: ámpílífáyà á gbóòórùn rẹ̀ lórí wáyà, á mọ̀ pé rédíò ti tàn, á sì jí fúnra rẹ̀. Owó kékeré ló ń gbà, ohun tó lè bàjẹ́ kò sì pọ̀.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ámpílífáyà kò dọ́gba. Àwọn kan wà, àgàgà àwọn àtijọ́, tí wọ́n ti so nẹ́gẹ́tíìfù ẹnu wọn mọ́ ẹ́ẹ̀tì láti inú. Bí irú wọn bá pàdé wáyà tó ní iná níhà méjèèjì, rédíò ló máa sanwó rẹ̀. Àwọn rédíò tuntun kan sì tún wà tó máa ń yẹ sípíkà wò nígbà tí wọ́n bá tàn. Bí wọn kò bá rí sípíkà níbẹ̀, wọ́n á ti ohùn ẹnu yẹn pa. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi rẹ̀sísítọ̀ so wáyà méjèèjì pọ̀ kí rédíò lè rò pé sípíkà ṣì wà, àfi bí wọ́n bá ti fi sípíkà ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀nà yìí sì tún jogún ohun gbogbo tí rédíò ti ṣe sí orin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná nìyẹn.

Àwọn tó ń fi kọ̀nfátà sáàárín

Ìdí tí kọ̀nfátà, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ohùn wáyà sípíkà di ti RCA, fi di ohun tí gbogbo ayé ń rà wà nínú ìwà kan tí rédíò ilé-iṣẹ́ ń hù. Páálí tẹ́ẹ́rẹ́ ni awọ ọ̀pọ̀ sípíkà tó bá ọkọ̀ wá. Béèsì tó lágbára máa fà á ya. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ rédíò máa ń gé béèsì kù díẹ̀díẹ̀ bí a bá ṣe ń yí fọ́lúùmù sókè. Ẹni tó so wúfà mọ́ irú rédíò yìí á rí nǹkan tó yani lẹ́nu: bí orin bá wà nílẹ̀, wúfà á máa mi búùtù, bó bá gbé e sókè, ohùn olórin á ga, sáńbà á ga, wúfà á sì rọlẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra wúfà mìíràn nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé rédíò ló gé e.

Oríṣi kọ̀nfátà méjì ló wà. Èyí tí kò lo iná, tó kéré bí ìṣáná, tó ní sírúù méjì lórí, kàn ń sọ ohùn ńlá di kékeré ni. Nínú èyí tó dára nínú wọn, wáyà tí a wé mọ́ irin ló ń gbé ohùn láti ìhà kan sí èkejì láì fara kanra, nítorí náà ẹ́ẹ̀tì rédíò àti ti ámpílífáyà kì í pàdé, ariwo kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n irin kékeré kò lè gbé béèsì tó jìn. Ohun tí rédíò kò gé, òun á gé e.

Oríṣi kejì ń lo iná bátìrì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù ni LC2i ti AudioControl, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, tó ní ohun tí wọ́n ń pè ní AccuBASS láti dá béèsì tí rédíò gé padà. Ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú sọ pé àbá ló ń dá: kò mọ iye tí rédíò yìí gé gan-an, ẹni tó ń so ó mọ́ ọkọ̀ ló ń yí bọ́tìnnì títí etí á fi gbà. Bí ohùn bá sì ti fọ́ nínú rédíò kó tó dé ibẹ̀, kò sí kọ̀nfátà tó lè tún un kó jọ. Àtakò méjèèjì tọ̀nà. Síbẹ̀, fún ẹni tí kò fẹ́ ju wúfà kan lọ nínú ọkọ̀ tí kò díjú, mi ò rí ìdí tí a ó fi ní kó ná ju èyí lọ.

Àwọn tó ní kí a tún ohùn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ kẹrin ń lo DSP, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba ohùn ilé-iṣẹ́, tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń tún un ṣe. Àlàyé wọn ni pé gígé béèsì kò tó nǹkan lára ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Nínú ọkọ̀ tó ní ámpílífáyà tirẹ̀, wọ́n ti lè pín orin sí wẹ́wẹ́: ohùn òkè lọ sí sípíkà kékeré, ti àárín lọ sí ilẹ̀kùn, béèsì sí ẹ̀yìn. Wọ́n sì ti lè dá ohùn apá kan dúró díẹ̀ kó bá àga awakọ̀ mu. Ẹni tó bá fa wáyà kan ṣoṣo níbẹ̀, ègé orin ló fà.

FiX ti JL Audio jẹ́ àpẹẹrẹ rere. A ó fi orin àyẹ̀wò rẹ̀ sínú rédíò. Yóò kó àwọn ègé náà jọ, yóò wọ̀n ibi tí ilé-iṣẹ́ ti gbé sókè àti ibi tó ti rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Helix, ti ilé-iṣẹ́ Audiotec Fischer ní Jámánì, ń jẹ́ kí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àti máíkì ṣe é ní ìpele dé ìpele. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè mú ohùn jáde láti ara rédíò ilé-iṣẹ́ báyìí.

Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, owó ti ṣòfò. Àbùkù kan sì wà tó jinlẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ: fọ́lúùmù kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Rédíò tó ń yí béèsì padà bí fọ́lúùmù ṣe ń lọ á ti jáde nínú ìwọ̀n náà kété tí awakọ̀ bá yí bọ́tìnnì. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ni pé kí a fi fọ́lúùmù rédíò sí ibì kan títí lọ, kí a máa fi bọ́tìnnì DSP gbé orin sókè. Ó yanjú ti béèsì, àmọ́ bọ́tìnnì orí ìdarí ọkọ̀ ti di aláìwúlò nìyẹn, ohùn ẹni tó ń pè lórí fóònù sì lè jáde bí ìbọn.

Àwọn tó ń wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkọ̀

Ní ọdún 2001, BMW 7 Series jáde pẹ̀lú MOST, ètò kan tí orin ń gbà nínú okùn ike bí ìmọ́lẹ̀. Mercedes, Audi, Volvo àti Porsche náà lò ó. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a lè máà rí wáyà tó gbé orin títí dé ẹnu ámpílífáyà ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni A2B ti ilé-iṣẹ́ Analog Devices dé, tó ń fi wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀ gbé ọ̀pọ̀ ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ karùn-ún ń lo ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè ọkọ̀, bí AmpPRO ti PAC tàbí Maestro AR, tó ń bá rédíò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni ámpílífáyà ilé-iṣẹ́, tó sì ń gba orin kí ọwọ́ tó kàn án.

Bí irú ẹ̀rọ yìí bá wà fún ọkọ̀ rẹ, òun ni mo máa yàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wà níbí ni wọn kò sì ṣe é fún.

Iná: ibi tí gbogbo wọn ti pàdé

Gbogbo ẹgbẹ́ gbà pé wáyà iná gbọ́dọ̀ ti orí bátìrì wá, kí fíúsì rẹ̀ má sì jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Wáyà ni fíúsì yẹn ń ṣọ́. Bí wáyà bá bó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó sì kan irin, fíúsì tó wà nínú búùtù lẹ́bàá ámpílífáyà kò lè dá iná tó máa sọ dúró. Ámpílífáyà wáàtì 400 tó ń lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà á fa nǹkan bí ámpù 35 ní fóòtì 14.4. Wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà, ojú rẹ̀ pupa bíi bàbà gidi. Alumíníọ̀mù kì í gbé ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ohun tí bàbà ń gbé lọ. Ha ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ: bí inú bá funfun, èyí tó nípọn jù ú lọ ni kí o rà. Ní ti wáàtì, láti 2003 ni ìlànà CEA-2006 ti wà ní Amẹ́ríkà: kí a wọ̀n ámpílífáyà ní fóòtì 14.4, lórí óòmù 4, kí ohùn tó fọ́ má ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Iye tí a kò fi ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ̀n lára páálí, mi ò kà á sí.

Wọn kò gbà lórí ibi tí ẹ́ẹ̀tì á wà. Àwọn kan ní kí a ha ọ̀dà irin búùtù títí tó fi máa dán, kí a so ó mọ́bẹ̀, kí wáyà má gùn. Àwọn mìíràn ní orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ló dára jù. Nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bátìrì lórí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀, ti ìkejì yìí á ṣi ẹ̀rọ náà lọ́nà, torí iná tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò ní wọ ìṣirò. Ibi tí ẹ́ẹ̀tì bá sì ti burú ni igbe tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré ti ń wọlé.

Ti géènì náà wà níbẹ̀, bọ́tìnnì ara ámpílífáyà tó ń mú un bá ohùn tó ń wọlé mu. Kì í ṣe fọ́lúùmù. Àwọn onímítà ní kí a wá fóòtì tó bá wáàtì mu, bíi 20 fún wáàtì 100 lórí óòmù 4, kí a sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń lo oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ohùn, ní mítà kò lè rí ìgbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé inú rédíò ló ti fọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ mítà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ríwáyà.

Ọkọ̀ kan wà tó yẹ ká dárúkọ fúnra rẹ̀. Honda Accord V6 tó jáde láti 2008, tí àwa ń pè ní Evil Spirit, ní máíkì nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń pa sílíńdà mẹ́ta láti fi dín epo tó ń jó kù, ìró rẹ̀ á sì wúwo. Máíkì náà ń gbọ́ ọ, ẹ̀rọ kan á sì dá òdìkejì rẹ̀ sínú sípíkà kí ọkọ̀ lè dákẹ́. Fi wúfà sí i, máíkì á gbọ́ béèsì bí ìró ẹ́ńjìnnì, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í bùú láìdúró. Ọ̀pọ̀ á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yẹn. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní ìró ẹ́ńjìnnì tí Honda fi pamọ́ á padà wá bá èrò ọkọ̀.

Ohun tí a kò tíì yanjú

Mi ò tíì rí ẹ̀rọ tó lè tẹ̀lé rédíò tó ń yí béèsì padà ní gbogbo fọ́lúùmù láìsí pé a gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ awakọ̀. Bóyá etí lè gbọ́ ìyàtọ̀ àárín kọ̀nfátà tó dára àti ẹnu wáyà sípíkà tó dára lórí òpópónà tó kún fún ariwo, ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Richard Clark, onímọ̀ ohùn inú ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi dọ́là 10,000 sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi etí nìkan mọ ìyàtọ̀ láàárín ámpílífáyà méjì tí a ti mú dọ́gba. Kọ̀nfátà kò sí nínú ìdánwò yẹn.

Ti ìró ìkìlọ̀ ọkọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, sípíkà kan náà tó ń kọrin ló ń dún nígbà tí bẹ́líìtì kò bá sí lára tàbí nígbà tí nǹkan bá wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó gba sípíkà yẹn lọ́wọ́ rédíò gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn tí ìkìlọ̀ á ti máa dún, kò sì sí ìlànà kan tí gbogbo oníṣẹ́ ń tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ iná náà kò tíì tán: Cybertruck ti Tesla, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó rà á ní 2023, ti sọ iná inú ọkọ̀ di fóòtì 48, bẹ́ẹ̀ fóòtì 12 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ámpílífáyà tó wà lọ́jà fún.